Ìyá Atòwé àti Ìlà Tí Wọ́n Fò

Kò sẹ́ni tó mọ Ìyá Atòwé tí kò mọ ìtàn ìwé ìrìnnà yìí. Àbígbẹ̀yìn rẹ̀ obìnrin bá a lọ sí ọ́fíìsì ìwé ìrìnnà lọ́jọ́ náà, ojú sì ń tì í. Ẹ̀gbọ́n ọmọ yìí fẹ́ bímọ lókè òkun, ìyá wọn sì fẹ́ lọ bá a gbé ọmọ tuntun.

"Ọkọ yín dà?" ni akọ̀wé wí, kò tiẹ̀ gbójú sókè. "Òun ló máa fọwọ́ sí i."

"Ó ti kú lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn."

"Òfin ni, Mà. Ọkọ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i."

Ìyá gbé báàgì kọ́ apá. "Ó dáa. Mú bírò ẹ, jẹ́ ká jọ lọ sí ibojì. Èmi á pè é. Ṣùgbọ́n tó bá dìde, ìwọ lo máa ṣàlàyé ohun tó o torí ẹ̀ jí i."

Gbogbo ọ́fíìsì bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀ ló jáde wá lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn.

Ilé ìtẹ̀wé ló ti gba orúkọ Atòwé. Lẹ́tà onírin tí wọ́n fi ń tẹ̀wé ló ń tò, ọwọ́ rẹ̀ sì yá ju ti ọkùnrin èyíkéyìí níbẹ̀ lọ. Síbẹ̀, obìnrin kì í dìbò nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ká má tíì sọ pé kó du ipò. Lọ́dún kan, wọ́n ní kó to ìwé ìdìbò. Ó tò ó. Orúkọ rẹ̀ ló wà lókè pátápátá.

"Ta ló ní kó o fi tìẹ sí i?" ni alága fi igbe bọnu.

"Ẹ ní kí n to orúkọ àwọn tó kúnjú ìwọ̀n, Bọ̀dá. Èmi ni mo kọ́kọ́ rántí."

Ọjọ́ ti lọ, wọn ò lè tún un tẹ̀. Nínú ogójì ọkùnrin, ìbò kan ṣoṣo ló rí. Ó wádìí ẹni tó dì í fún un títí ó fi rí i, ó sì fẹ́ ẹ.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọkọ yìí dìde nípàdé, ó sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi gbà kí obìnrin máa dìbò. Ọ̀rọ̀ náà dùn, ó wọni lára. Ìyàwó rẹ̀ ló kọ ọ́ fún un.

Nígbà tí àbígbẹ̀yìn wà nílé ìwé, ó bi í pé, "Màmá, kí ni wọ́n ń pè ní ẹ̀tọ́ obìnrin?"

"Ẹ̀tọ́ èèyàn náà ni. Ẹni tó kọ́kọ́ to ìwé ẹ̀tọ́ ọ̀hún ló fo ìlà kan. À ń dá a padà síbẹ̀ ni."

Ọmọ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìdánwò, tíṣà fún un ní òdo. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, Ìyá Atòwé ti wà níwájú kíláàsì, tíṣà ti jókòó, ó ń kọ ohun tí ìyá ń sọ sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta tí wọ́n sin Ìyá Atòwé, àwọn obìnrin ilé ìtẹ̀wé kún pálọ̀. Alága ẹgbẹ́ wọn, obìnrin bíi tiwọn, ń sín ìyá jẹ, gbogbo wọn ń fi ẹ̀rín nu omijé. Àbígbẹ̀yìn gbé tíì dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró. Ó ń retí ẹ̀rín ìyá rẹ̀ tó máa ń ròkè ju ti gbogbo èèyàn lọ. Nígbà tí kò gbọ́ ọ, ó gbé tíì kalẹ̀, ó jókòó sáàárín wọn, ó sì rẹ́rìn-ín sókè, kí ẹ̀rín wọn má bàa dín.