Sàréè Òfìfo Lójú Ọ̀nà Ìkọ̀tún

Lánàá, ní Ìkọ̀tún, àádọ́ta náírà ni mo fi ra omi inú ọ̀rá kan ṣoṣo. Mo gbé omi náà dání, mo ń rẹ́rìn-ín, obìnrin tó tà á fún mi sì bi mí bóyá kò tutù tó ni. Mo ní ó tutù. Kí ni ǹ bá sọ fún un? Bí mo bá sọ pé nígbà ọ̀dọ́ mi, àádọ́ta náírà yẹn la fi ra sìmẹ́ńtì, búlọ́ọ̀kù àti ọ̀dà funfun tí a fi mọ odidi sàréè kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì yìí, tí a sì tún rí ṣẹ́ńjì fi mu kóòkì, á ní bàbá yìí ti ń ṣarán. Náírà kan nígbà náà ra búrẹ́dì tí tọkọtaya á jẹ ṣẹ́kù. Kọ́bọ̀ la fi ń wọkọ̀ láti Ìkọ̀tún dé Òṣòdì, a sì tún máa ń bá kọ̀ńdọ́ jà pé ó wọ́n.

Ẹ jẹ́ n sọ ti sàréè yẹn.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì ni. Iṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ní ó ń dúró de àwa tó kàwé kò dúró dè mí, ni mo bá háyà ṣọ́ọ̀bù kan lójú ọ̀nà tó lọ láti Ìkọ̀tún sí Ẹgbẹ́dá, mo ń ta ìwé àti bírò. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ló wà níwájú ilé náà. Tèmi ló wà láàárín. Lọ́wọ́ ọ̀tún mi ni ọkùnrin kan tó ń ya àwòrán, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Fọ́tò. Lọ́wọ́ òsì ni obìnrin aránṣọ kan tí ẹnu rẹ̀ mú ju sísọ́ọ̀sì rẹ̀ lọ. Èmi ni wọ́n ń pè ní Akọ̀wé. Onílé wa, bíríkìlà ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, díkínì nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi, ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ ṣọ́ọ̀bù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ̀yìn ti ń dùn ún, kò lè gun àkàbà mọ́, owó ṣọ́ọ̀bù yẹn ló sì fi ń rán àwọn ọmọ rẹ̀ nílé ìwé. Bí ṣọ́ọ̀bù bá lọ, ilé ìwé lọ nìyẹn, àwa ayálégbé náà á sì máa gbé ọjà lérí kiri.

Títì yẹn nígbà náà kò ju ibi tí mọ́tò méjì lè rọra gbà kọjá lára ara wọn. Ilé alámọ̀ ṣì pọ̀ níbẹ̀, àti igi kaṣú, àti pákó tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, tí ewúrẹ́ ń sùn lé lórí. Lọ́jọ́ kan ni àwọn òṣìṣẹ́ kánsù dé, wọ́n ní wọ́n fẹ́ fẹ títì lójú. Wọ́n wọn ilẹ̀, wọ́n gbé ọ̀dà pupa, wọ́n sì fa ìlà méjì kọjá lórí ara wọn sára ògiri ṣọ́ọ̀bù wa. Ẹni tó bá gbé Èkó rí mọ ìtumọ̀ ìlà yẹn: katakata ń bọ̀ wá wó o.

Oníkálukú bẹ̀rẹ̀ sí í dá ọgbọ́n. Ẹnì kan fi ọ̀dà mìíràn kun tirẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n padà wá fa ìlà tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọkùnrin kan tó ń ta bíà lókè lọ́hùn-ún sáré gbé pátákó ṣọ́ọ̀ṣì síwájú ilé ọtí rẹ̀. Àwọn kánsù ní kó fi àdúrà bẹ̀rẹ̀ ìsìn fún àwọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kólòlò.

Fọ́tò ló wá rí ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí. Ó ní òun rìn dé ìhà Ẹgbẹ́dá, òun sì rí i pé ìlà pupa fo ilé kan. Iwájú ilé náà ni wọ́n sin ìyá àgbà wọn sí.

"Wọn kì í wó sàréè," ni Fọ́tò wí. "Kánsù ń bẹ̀rù òkú ju alààyè lọ."

"Níbo la ti fẹ́ rí òkú?" ni mo bi í.

Aránṣọ kò gbójú kúrò lára aṣọ tó ń rán. "Akọ̀wé, ìwọ la ó lò. O ò kúkú ṣe nǹkan kan láti àárọ̀."

"Ta ló ń wá òkú?" ni Fọ́tò wí. "Sàréè la fẹ́."

A lọ bá onílé. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ẹ fẹ́ kí díkínì purọ́?"

"Ẹ ò ní purọ́, Láńlọ́ọ̀dù," ni aránṣọ dáhùn. "Ṣé bàbá yín ò tíì kú ni?"

"Bàbá mi ti kú. Ògbómọ̀ṣọ́ la sin ín sí."

"Ṣé ọmọ ò lè mọ nǹkan ìrántí fún bàbá rẹ̀ níwájú ilé ara rẹ̀ ni?"

Ó ronú. "Ó lè mọ ọ́n."

"Ṣé a ní ká kọ ọ́ síbẹ̀ pé bàbá wà nínú rẹ̀ ni?"

"Èmi ò ní gbà bẹ́ẹ̀."

"Àwa náà ò ní kọ ọ́, jàre."

Bí wọ́n ṣe fi ọ̀rọ̀ kíkọ lé mi lọ́wọ́ nìyẹn. Mo kọ́kọ́ kọ ọ́ pé, "Níhìn-ín ni bàbá wa sùn sí." Onílé ní irọ́ ni, kí n pa á rẹ́. Mo kọ ọ́ pé, "Sùn re o, bàbá." Ó ní, "Sùn níbo?" Mo ní mi ò sọ ibi kankan. Ó ní ẹni tó bá dúró níbẹ̀ kà á ti mọ ibi tí mo ń wí. Níkẹyìn mo kọ ọ́ pé, "Bàbá rere, a kò gbàgbé yín." Ó kà á, ètè rẹ̀ ń mì pẹ́pẹ́, bí ẹni tó ń wá ibi tí irọ́ sá pamọ́ sí. "Èyí dára," ló wí, ó sì lọ po sìmẹ́ńtì.

Ẹ̀yìn kò dun ọkùnrin yìí lọ́jọ́ náà. Ó mọ sàréè tó gún régé, ó ṣe orí rẹ̀ ní ìrọ̀rí, ó fi ọ̀dà funfun kùn ún. Àwọn aládùúgbò tí wọ́n mọ̀ pé àná ni ibẹ̀ ṣì jẹ́ ilẹ̀ gbalasa ń kọjá, wọ́n ń kí i pé, "Ẹ kú ìrántí o." Òun náà ń dáhùn pé, "Ẹ ṣé o."

Ibi tí a ṣì ti ń dunnú ni katakata dé lọ́jọ́ kẹta. Ọ̀gá àwọn awọnlẹ̀, àgbàlagbà kan tó wọ awò ojú, rí sàréè, ó ṣí fìlà.

"Bàbá yín ni?"

"Bàbá mi ni, sà."

"Ó ti pẹ́ tó kú?"

"Ó ti pẹ́, sà."

"Ẹ kú aráfẹ́rakù."

"Ẹ ṣé, sà. A ò ní í fi irú rẹ̀ gbà á."

Kò sí irọ́ kankan nínú gbogbo rẹ̀. Mo ń wo díkínì, mo ní ẹ̀kọ́ tí wọn kò kọ́ mi ní yunifásítì nìyí.

Bí ọ̀gá ṣe ń gbé fìlà padà sórí ni ọkọ̀ kan dúró lódìkejì títì, tí obìnrin kan sì sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú báàgì. Ẹ̀gbọ́n onílé wa ni, àkọ́bí bàbá wọn, òun ló ń gbé ilé bàbá náà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ará ìlú wọn kan tó gba ọ̀nà wa kọjá ló lọ ròyìn fún un pé wọ́n ti hú bàbá rẹ̀, wọ́n sì ti gbé e wá sí Èkó.

Kò kí ẹnikẹ́ni. "Ìwọ," ló sọ fún àbúrò rẹ̀, "ta ló ní kí o lọ hú bàbá mi?"

Onílé nawọ́ láti gba báàgì rẹ̀, obìnrin náà fà á sẹ́yìn.

"Mo dé ojú oórì kí n tó wọkọ̀. Ilẹ̀ ò yẹ̀, koríko ò yẹ̀. Oògùn wo lẹ fi gbé e jáde?"

Ọ̀gá awọnlẹ̀ yí ojú sí onílé. Dírẹ́bà katakata pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀, kó lè gbọ́ dáadáa.

Ni aránṣọ bá jáde pẹ̀lú téèpù lọ́rùn, ó kúnlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ káàbọ̀. Ẹ jẹ́ n gba báàgì yín." Bó ṣe ń gba báàgì ló ń fi ẹnu sí i létí. Mo sún mọ́ wọn, mo gbọ́. "Bàbá ò kúrò nílé o, mà. Owó ilé ìwé àwọn ọmọ yín ni wọ́n fẹ́ wó yìí."

Obìnrin náà wo ìlà pupa. Ó wo katakata. Ó wo àbúrò rẹ̀ tí òógùn ti bo iwájú orí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá yí sàréè po, ó ń fi ọwọ́ pa á lára, ó ka ohun tí mo kọ. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó káwọ́ lórí.

"Bàbá mi o. Ẹ wá wo ilé tí ọmọ yín kọ́. Ẹ wá wo bó ṣe funfun tó. Ẹ̀yin tí ewúrẹ́ ń jẹ koríko lórí yín, ẹ wá wo ìrọ̀rí."

Ó sunkún. Mo rò pé eré ni, àfìgbà tí mo rí omi ojú rẹ̀. Mi ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ọ̀gá ní kí katakata máa lọ síwájú, pé àwọn á tẹ gọ́tà gba ẹ̀gbẹ́ sàréè. Nígbà tó fẹ́ máa lọ, ó fa onílé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ẹ máa bomi rin bàbá láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́," ló wí. "Sìmẹ́ńtì yín kò tíì gbẹ. Kó má baà sán."

Kí wọ́n tó yà níwájú, Fọ́tò ti ń jó, aránṣọ ti di ikùn mú. Ẹ̀gbọ́n onílé kò bá wa rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó gbọn iyanrìn kúrò lára ìró rẹ̀.

"Ẹni tí kò sí níbí lo kọ́lé fún," ló wí. "Ẹni tó wà nílẹ̀ ńkọ́?"

Díkínì, tó ti ń rí òtítọ́ sọ láti àárọ̀, kò rí ọ̀kan fún un.

Kò jẹ́ kó pẹ́ kó tó lọ mọ ojú oórì bàbá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì kó àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dání. Fọ́tò po sìmẹ́ńtì, èmi gbé búlọ́ọ̀kù, aránṣọ ń sọ fún wa bí a ṣe ń ṣe é tí kò dára. Ẹ̀gbọ́n dúró lé onílé lórí. Nígbà tó ní òun ti parí, obìnrin náà ní, "Ti Èkó ga ju èyí lọ." Onílé tún fi ìlà búlọ́ọ̀kù kan lé e. Ọ̀rọ̀ tí mo kọ tẹ́lẹ̀ náà la kọ síbẹ̀.

Títì gbòòrò lóòótọ́, ó sì ṣẹ́ kọrọ níwájú wa. Àwọn kọ̀ńdọ́ kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó sọ ibẹ̀ di bọ́sítọ́ọ̀pù. "Sàréè wà o," ni èrò á wí, ọkọ̀ á dúró níwájú ìwé tí mò ń tà, ọjà mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró títí àbíkẹ́yìn onílé fi parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ náà ló ta ilé náà lẹ́yìn ikú bàbá wọn. Ilé alájà tó kún fún díńgí ló wà níbẹ̀ báyìí, wọ́n ń ta fóònù.

Onílé wa ti lọ. Ó kìlọ̀ pé kí wọ́n má ṣe sin òun sí ẹ̀gbẹ́ títì. Ògbómọ̀ṣọ́ ló wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Mo gbọ́ pé ọ̀gá awọnlẹ̀ náà ti kú. Fọ́tò wà ní Ayọ̀bọ̀. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, síbẹ̀ bí o bá lọ kí i, á ní kí o gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀. Aránṣọ wà ní Dopemu lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ náà sì wà. Èmi náà wà.