Ọ̀dà Pupa Lára Fẹ́ǹsì Àbúrò Mi

Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ìtàn jagunjagun ilẹ̀ Jàpáànù fún mi ni àbúrò bàbá mi. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun kó tó padà wá jókòó sí Ìkòsí níbi tí wọ́n bí i sí, ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Bàbá Atukọ̀. Nígbà tí bàbá mi kú, n kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Òun ló mú mi lọ́wọ́ kúrò láàárín àwọn tó ń sunkún, tó ní, "Wá jẹun." Láti ọjọ́ náà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti ń jẹun títí mo fi lè bọ́ ara mi.

Ìtàn náà kò gùn. Ó ní láyé àtijọ́, irú ọmọ ogun kan wà nílẹ̀ yẹn tí wọ́n ń pè ní sámúráì. Idà méjì ló máa ń wà ní ìbàdí rẹ̀. Ó ti búra fún olórí agbo ilé rẹ̀ pé ibi tí wọ́n bá rán òun lòun ó lọ, òun kò sì ní béèrè ìdí. Lọ́jọ́ kan, wọ́n rán an pé kó lọ lé àwọn ará ilé kan síta. Ó lọ. Ó kan ilẹ̀kùn. Ẹni tó ṣílẹ̀kùn fún un ni àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ìyá rẹ̀.

Ibẹ̀ ni Bàbá Atukọ̀ máa ń dúró sí. Á gbé ife tíì rẹ̀ sẹ́nu, á wá máa wò mí láti òkè ife náà.

"Ó yá, ìwọ ńkọ́? Kí lo máa ṣe?"

"Màá sá lọ, Bàbá."

"Sá lọ síbo? Omi ló yí ilẹ̀ ọ̀hún ká. Ṣé o mọ̀ ọ́n wẹ̀ ni?"

A óò sì jọ rẹ́rìn-ín. Mo rò pé eré ni.

Ó yẹ kí n sọ irú ilé tí mo ti wá. Ọmọ onílẹ̀ ni wá, àwọn tí baba ńlá wọn ti ń dáko sí Ìkòsí kí títì ọlọ́dà tó dé ibẹ̀. Ìyàwó mẹ́rin ni baba ńlá wa fẹ́, nítorí náà ìdí igi mẹ́rin ni ẹbí wa, àgbà kan ló sì ń ṣe olórí ìdí igi kọ̀ọ̀kan. Bàbá Atukọ̀ ni àgbà tiwa. Bí ìdí igi kan bá fẹ́ ta ilẹ̀, àwọn àgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé. Bí mẹ́ta bá fọwọ́ sí i tí ọ̀kan kò fọwọ́ sí i, ilẹ̀ náà kò tíì kúrò nílé.

Èmi ní tèmi, iṣẹ́ ìwé kíkọ sára pátákó àti ògiri ni mo kọ́, ní Kétu. Bàbá Atukọ̀ ló mú mi lọ bá ọ̀gá mi. Lóde òní, ẹ̀rọ tó ń tẹ̀wé sára ọ̀rá ti gba èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n àwọn tó ń fi ọkọ̀ kó tòmátò wá sí ọjà Mile 12 ṣì ń fẹ́ ká fọwọ́ kọ àdúrà sẹ́yìn ọkọ̀ wọn. Èmi náà sì ni ẹbí máa ń rán bí wọ́n bá fẹ́ kọ ìkìlọ̀ sára fẹ́ǹsì: ILẸ̀ ẸBÍ NI ÈYÍ. Ẹ MÁ RÀ Á. N kì í gba kọ́bọ̀ níbẹ̀. N kì í béèrè ẹni tó nilé. Wọ́n á ní ògiri báyìí ni, màá gbé ọ̀dà pupa, ó di ibẹ̀. Àwọn ará àdúgbò mọ ọwọ́ mi. Bí wọ́n bá rí i lókèèrè, wọ́n á ní, "Wọ́n ti rán an nìyẹn."

Ìyá mi ti kúrò nílé bàbá mi tipẹ́ kí bàbá mi tó kú. Ó fẹ́ ọkùnrin kan ní Alápẹ̀rẹ̀, ó sì bí ọmọbìnrin kan níbẹ̀. Bí a bá ń sọ ti ọbàkan, àwọn tí a jọ jẹ́ ọmọ bàbá, wọn ò lóǹkà nílé wa. Ṣùgbọ́n ìyekan mi, ẹni tó mu ọmú tí mo mu, ẹyọ kan ṣoṣo yẹn náà ni. Nọ́ọ̀sì ni. Lọ́dún tí wọ́n la ikùn mi, orí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ló sùn fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, tí yóò ti ibẹ̀ dìde lọ síbi iṣẹ́ tirẹ̀.

Nígbà tó fẹ́ ra ilẹ̀, ọ̀dọ̀ wa ló ti rà á, lọ́wọ́ àgbà ìdí igi kejì. Àyè mẹ́rin ló wà nísàlẹ̀ ìwé. Ẹni tó tà á ti fọwọ́ sí tirẹ̀. Àbúrò mi gbé ìwé náà wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Bàbá Atukọ̀ kò sí nílé nígbà náà, ó lọ kí ọmọ rẹ̀ ní ìlú òyìnbó.

"Brọ̀dá mi, ṣebí ọmọ ìdí igi Bàbá Atukọ̀ lẹ̀yin náà. Ẹ bá mi fọwọ́ sí i jàre, àwọn bíríkìlà ti dé. Bí Bàbá bá dé, ẹ ó sọ fún wọn."

Mo fọwọ́ sí i. Mo mọ̀ pé ọwọ́ àgbà ni ibẹ̀ ń fẹ́, kì í ṣe ọwọ́ mi. Mo ní bí Bàbá bá ti dé, màá sọ. Bàbá dé, wọ́n kó bísíkíìtì fún wa, inú wọn ń dùn, mo ní ó di ọ̀la. Ọ̀la yẹn di ọdún mẹ́jọ. Àyè méjì tó kù lórí ìwé náà, kò sẹ́ni tó lọ bá àwọn àgbà kí wọ́n fọwọ́ sí i. Àbúrò mi kọ́lé rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó mú ìyá wa kúrò ní Alápẹ̀rẹ̀, ó fún un ní yàrá iwájú tí atẹ́gùn ti ń wọlé.

Lẹ́yìn tí àgbà ìdí igi kejì kú, tí wọ́n sì ti fi Bàbá Atukọ̀ jẹ olórí ẹbí, àṣírí tú. Ilẹ̀ tí ọkùnrin náà tà fún ẹni méjì pọ̀. Àwọn tó rà á ń bá ara wọn jà láàárọ̀ lálẹ́. Ẹbí jókòó, wọ́n ní kí gbogbo ẹni tó rà lọ́wọ́ rẹ̀ gbé ìwé wá láàárín oṣù kan. Ẹni tí kò bá gbé e wá, ọ̀dà pupa. Wọ́n tún fi kún un pé ọmọ ilé tó bá ti fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ nípò àgbà, á dìde lórí ẹní ẹbí, wọn ò sì ní ka àwọn ọmọ rẹ̀ mọ́ wa mọ́.

Mo wà níbẹ̀. Ọmọ mẹ́ta ni mo ní.

Mo lọ bá àbúrò mi. Mo ní, "Má tíì gbé ìwé yẹn lọ. Jẹ́ kí n wá ọ̀nà tí màá gbà sọ ọ́ fún Bàbá."

"Títí dìgbà wo?"

"Fún mi láyè ni."

Ó wò mí títí. "Ó dáa, Brọ̀dá mi. Mo gbọ́."

Kò gbé e lọ. Èmi náà kò sọ nǹkan kan. Oṣù náà pé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Bàbá Atukọ̀ ránṣẹ́ pè mí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan wà lọ́dọ̀ wọn, èyí tó ń wa kẹ̀kẹ́ márúwá, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Òun ni yóò gbé mi. Bàbá ka fẹ́ǹsì márùn-ún fún mi. Èyí tó gbẹ̀yìn ni ti àbúrò mi. Wọ́n gbé ife tíì wọn, wọ́n wò mí láti òkè rẹ̀.

"Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, sà."

"Ṣé o ní nǹkan tí o fẹ́ sọ?"

"Rárá, sà."

A kọ mẹ́rin. A dé ìkarùn-ún. Àbúrò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, aṣọ funfun rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi kí i láti inú kẹ̀kẹ́.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o! Abẹ́rẹ́ la gbé wá fún fẹ́ǹsì yín lónìí."

"Ẹ gún un o. Ṣùgbọ́n ẹni tí ò bá mọ abẹ́rẹ́ gún, apá ara rẹ̀ ló máa ń rọ."

"Ṣé èmi lẹ̀ ń bú? Ìwé lẹbí ní kẹ́ ẹ gbé wá, ẹ ò gbé e wá. Àbí ìwé ọ̀hún ò sí ni?"

"Ó wà."

"Ẹ gbé e jáde ká rí i nígbà yẹn. Ojú wa rèé."

Àbúrò mi yíjú sí mi. "Brọ̀dá mi, ṣé kí n gbé e wá?"

Bí mo bá ní kó gbé e wá, ẹnu tí kì í sinmi yẹn ni yóò ka ọwọ́ mi lórí ìwé, yóò sì dé ọ̀dọ̀ Bàbá ṣáájú mi. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ṣí ìdérí ọ̀dà. Èsì tí mo fún un nìyẹn.

Ká ní ó pariwo, ká ní ó já búrọ́ọ̀ṣì gbà lọ́wọ́ mi, ara ìbá tù mí. Ó pa ẹnu rẹ̀ mọ́ nítorí tèmi, ó dúró síbẹ̀, ó ń wo bí mo ṣe ń kọ ọ́. Ọwọ́ mi kò gbọ̀n. Ohun tó ń dùn mí jù títí dòní nìyẹn. Gbogbo ìlà rẹ̀ ló gún régé, bíi ti ẹni tí wọ́n sanwó fún.

Ìyá mi gbọ́ òórùn ọ̀dà, ó fi ọ̀pá tẹlẹ̀ jáde. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́.

"Ta ló ń kun nǹkan níbẹ̀?"

"Èmi ni, Màmá."

Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, oríkì mi ni ìyá mi fi ń pè mí. Mo dúró kó pè é. Ó fi ọwọ́ kan fẹ́ǹsì, ọ̀dà tutù kan án níka.

"Kí lẹ kọ síbẹ̀, sà? Ẹ bá mi kà á. Ojú mi ò ríran."

Mo kà á fún un. Ilẹ̀ ẹbí ni èyí. Ẹ má rà á.

"Ẹ ṣeun, onílẹ̀," ló wí. "Ẹ kú iṣẹ́ o." Ó yí padà, ó wọlé.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi yí kẹ̀kẹ́ padà. A ti ń sún mọ́ Kétu kó tó lanu. "Ẹ̀gbọ́n, ìyá yín mà ni yẹn."

"Mo mọ̀."

Nígbà tí ẹbí tún jókòó lọ́jọ́ Sátidé, mo dìde, mo gbé búrọ́ọ̀ṣì mi sílẹ̀ níwájú wọn. Mo ní ọwọ́ tó kọ fẹ́ǹsì yẹn náà ló wà lórí ìwé, nípò àgbà. Ariwo sọ. Bàbá Atukọ̀ nìkan ni kò pariwo.

"Mo ti mọ̀," ni wọ́n wí. "Àwọn ọmọ olóògbé tó ta ilẹ̀ ti kó ẹ̀dà ìwé wá fún mi. Ṣé mi ò ní mọ ọwọ́ rẹ ni? Mo fi ilé yẹn ṣe ìkarùn-ún kí ọ̀nà lè gùn fún ọ. Mo ní kó o tó dé ibẹ̀, wàá yí padà wá bá mi."

"Ẹ̀yin lẹ rán mi, Bàbá."

"Èmi ni mo rán ọ. Ṣé mi ò bi ọ́ bóyá o lọ́rọ̀ ni?" Wọ́n nawọ́ sí búrọ́ọ̀ṣì tó wà nílẹ̀. "O wá lọ kọ ọ́."

Wọ́n ní kí n dìde lórí ẹní. Bàbá Atukọ̀ ló bẹ̀bẹ̀ tí wọn ò fi yọ àwọn ọmọ mi. Bàbá fa ìlà pa ọwọ́ mi rẹ́ lórí ìwé, wọ́n sì fi ọwọ́ tiwọn síbẹ̀ lójú gbogbo ẹbí. Àgbà ìdí igi kẹta fọwọ́ sí i. Àgbà ìdí igi kìíní kọ̀. Ó ní obìnrin tó bá pa àṣírí mọ́ fún ẹni tó fọwọ́ àgbà ṣeré, òun kò ní fọwọ́ òun sí ìwé rẹ̀. Òfin ẹbí sì ni pé bí ọwọ́ kò bá tíì pé mẹ́rin, ìkọ̀wé kò gbọ́dọ̀ kúrò lára fẹ́ǹsì. Ọmọ ilé tó bá pa á rẹ́, òun àtọmọ rẹ̀ kì í ṣe ara wa mọ́ láéláé. Mo ti dọ̀bálẹ̀ fún àgbà náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ẹ̀yìn ló ń kọ sí mi.

Bàbá Atukọ̀ wà lórí àìsàn báyìí. Mo lọ kí wọn lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo jókòó sẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, mo bi wọ́n léèrè ohun tí n kò bi wọ́n rí láti kékeré.

"Bàbá, sámúráì yẹn, kí ló padà ṣe?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn. "Mi ò mọ̀. Ẹni tó ń sọ ọ́ fún mi létíkun kò tíì parí ẹ̀ tí ọkọ̀ wa fi fun fèrè. A ṣí lọ."

Lánàá, àbúrò mi wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ọ̀dà. Kò jókòó. Ó ní Màmá ò jẹun dáadáa mọ́. Ó ní Màmá ní bí ọlọ́jọ́ bá dé, ká má ṣe gbé òun kọjá níwájú ìkọ̀wé yẹn. Géètì kan ṣoṣo ni ilé náà ní, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an ni mo kọ ọ́ sí. Ó sọ ọ́ tán, ó lọ. Kò bẹ̀ mí pé kí n ṣe nǹkan kan.

Ọ̀dà funfun agolo kan wà lórí pẹpẹ níwájú mi bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ti bá mi rìn láti ẹnu ọ̀nà ilẹ̀ Jàpáànù títí dé ẹnu géètì àbúrò mi, ìyá mi nìyẹn, àwọn ọmọ mi nìyí: bó bá jẹ́ ẹ̀yin, kí lẹ máa ṣe?