Ọkọ̀ Tí Wọ́n Gé Imú Rẹ̀

Ọwọ́ mi wúwo. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ ọ́ fún mi, ìyá mi sì máa ń ní ọkùnrin tó bá fẹ́ fẹ́ mi, kó kọ́kọ́ lọ bẹ orí rẹ̀. Ọkọ mi fẹ́ mi, kò bẹ orí kankan, ọwọ́ náà kò sì bà á rí. Àbúrò rẹ̀ ló bà.

Ní Àjàṣẹ́ níbí, ìlú tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, inú ilé àtijọ́ tí àwọn baba ńlá ọkọ mi kọ́ nígbà tí wọ́n ti Bùràsíìlì dé ni gbogbo wa ń gbé: ìyá ọkọ mi, ọkọ mi tó ń wa ọkọ̀ ẹrù ní Kraké létí ààlà Nàìjíríà, èmi, àti àbúrò náà. Ìyàwó kì í pe àbúrò ọkọ lórúkọ nílé wa. Ọkọ ni gbogbo wọn. "Ọkọ mi kékeré" ni mò ń pè é, "ìyàwó wa" lòun náà ń pè mí. Mo jù ú lọ dáadáa, síbẹ̀ orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti ń kí i láàárọ̀.

Iwájú ilé ni mo ti ń ta kpayò, ẹ̀sáǹsì, ìyẹn epo pẹtiróòlù tí wọ́n ń kó wọlé láti Nàìjíríà. Tábìlì pákó kan, ìgò ńlá, ìgò kékeré, àti àrọ tí mo fi aṣọ bò lẹ́nu láti fi sẹ́ ìdọ̀tí. Ẹni tó ń ta kpayò mọ̀ pé iná ni òun gbé ka tábìlì. Òfin mi kò ju ẹyọ kan lọ: pa ẹ́ńjìnnì rẹ kó o tó dé ọ̀dọ̀ mi. Mo ti fi ìgbálẹ̀ lé ọlọ́pàá rí nítorí sìgá.

Ọkọ mi kékeré wá ra ọkọ̀ Jámánì kan ní Kùtọnu, ọkọ̀ eré gidi. Ọkọ̀ náà dára, n kò ní parọ́. Ó ń sáré, kì í sì í pariwo. Ìyẹn gan-an ni kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń jórin lọ́nà Àjàrá, ó ní kí wọ́n gé agolo tó ń sẹ́ èéfín kúrò lábẹ́ rẹ̀, kí wọ́n yọ èyí tó ń pa ariwo, kí wọ́n fi páìpù gbọọrọ tó ń dán rọ́pò wọn. Ohun kan wà lára páìpù àtijọ́ náà tí kò ju ìka lọ, sọ́ńdì ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń gbóòórùn èéfín tó ń jáde, tó ń sọ fún ọpọlọ ọkọ̀ bóyá epo pọ̀ jù tàbí ó kéré jù. Wọ́n yọ ìyẹn náà, wọ́n sì tan ọpọlọ ọkọ̀ jẹ kó máa da epo sí i ju bó ṣe yẹ lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣàlàyé fún mi, inú rẹ̀ ń dùn.

Mo ní, "Ọkọ mi, ẹ gé imú rẹ̀, ẹ wá ń bu oúnjẹ fún un? Báwo ni yóò ṣe mọ̀ bí ó bá kan?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó wa, gbọ́ ohùn rẹ̀ ná."

Mo gbọ́ ọ. Ó tẹ̀ ẹ́, ó bú ramúramù. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò, epo tí kò jóná tán bú gbàù lẹ́nu páìpù, iná sì yọ jáde bí ahọ́n. Ọmọ tuntun ilé kejì figbe ta. Inú bí mi gan-an. Mo búra fún un pé lọ́jọ́ tó bá gbé nǹkan yẹn dé ìdí tábìlì mi láìpa á, n óò gbàgbé pé ọkọ mi ni. Ó gbọ́. Láti ìgbà náà, ìkóríta ló ti ń pa á, tí yóò jẹ́ kó yí wá jẹ́jẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi kan, ọkọ mi ti lọ sí Kraké, ọkọ mi kékeré sì gbé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì sínú ọkọ̀. Ojú ọ̀rẹ́ kì í jẹ́ kéèyàn rántí òfin. Ó fi ẹ̀yìn ọkọ̀ wọlé wá, kí ẹnu páìpù lè dojú kọ wá, kí gbogbo wa lè rí i. Mò ń da kpayò sínú alùpùpù oníbàárà mi kan, onízẹmijàn tó ń fi alùpùpù gbé èrò. Mo pariwo, "Ọkọ mi, ẹ pa á!" Ó juwọ́ sí mi. Ó tẹ̀ ẹ́, ó gbé ẹsẹ̀ kúrò.

Gbàù.

N kò rí iná náà nígbà tó ń bọ̀. Àrọ ọwọ́ mi ni mo rí tó di iná, lẹ́yìn náà ọwọ́ òsì mi, títí dé ìgúnpá. Ìgò kan bú, òmíràn tẹ̀ lé e. Ṣòkòtò onízẹmijàn náà ń jó mọ́ ọn lára, ó ń yí nínú iyanrìn, ó ń ké bí ẹran tí wọ́n ń pa. Ẹnì kan da iyanrìn bò mí lọ́wọ́. Òórùn ẹran tó ń jó dé imú mi, mo sì mọ̀ pé tèmi ni.

Kí n tó dìde, wọ́n ti fa ọkọ mi kékeré jáde. Bí o bá ṣe onízẹmijàn kan léṣe, gbogbo wọn lo ṣe. Wọ́n tú jáde láti gbogbo ìkóríta. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Wọ́n fi akoto là á lórí, wọ́n tẹ̀ ẹ́ nínú, wọ́n fi òkúta fọ́ eyín rẹ̀. Ẹnì kan yí táyà wá. Ẹlòmíràn gbé ìgò kpayò, tèmi, èyí tí iná kò tíì dé. "Ó sun èèyàn, ẹ sun òun náà!" Mo mọ ojú wọn. Àwọn tó máa ń kí mi láàárọ̀ ni, "Dàáda, ẹ kú ọjà," bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin níbí.

Wọ́n ní ẹ̀bẹ̀ là ń bẹ òṣìkà. Ẹni tó pa òwe náà kò tíì rí agbo tó ti rí táyà. Ìyá ọkọ mi ń bẹ̀bẹ̀, wọ́n tì í ṣubú sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀rù bà mí, torí mo rí i pé wọ́n máa pa á lójú wa. Ohun kan ṣoṣo ni irú agbo bẹ́ẹ̀ ń bọ̀wọ̀ fún: ẹni tí wọ́n ṣe níbi. Mo gbé ọwọ́ tó ti bó sókè kí gbogbo wọn rí i.

"Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi! Èmi ló sun! Èmi ni n óò pa á!"

Wọ́n yà fún mi.

Mo gbá a létí. Gbogbo agbára ọwọ́ ọ̀tún tí ìyá mi ti ń kìlọ̀ rẹ̀ fáyé ni mo kó sínú ìgbájú yẹn, etí òsì ló bà sí. Ó gbọ́dọ̀ ṣubú, ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ jáde. Bó bá jọ eré, wọ́n á gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi. Mo fi orúnkún lù ú lẹ́nu. Mo dì í nírun mú, mò ń fà á, mò ń lù ú, mò ń bú u, mò ń bú ìyá tó bí i, ìyá náà sì wà nílẹ̀ níbẹ̀ tó ń gbọ́. "Dàáda, lù ú! Pa á!" Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún mi. Kò sẹ́ni tó ṣàkíyèsí pé ẹnu ọ̀nà ilé wa ni mò ń lù ú lọ, àfi ìyá ọkọ mi. Ó rá wọlé. Bí èmi àti ọmọ rẹ̀ ṣe já lu ìloro, ó ti ilẹ̀kùn irin, ó fi ọ̀pá há a.

Wọ́n lu ilẹ̀kùn títí ó fi sú wọn. Ọkọ̀ ni wọ́n fi táyà náà sun.

Ìyá ọkọ mi bọ́ bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fi gbá mi lẹ́nu. "O na ọkọ ẹ! O bú mi!" Lẹ́yìn náà ló jókòó sílẹ̀, ó gbé ọwọ́ mi tó jó lé itan, ó ń da omi sí i, ó ń sunkún. Kò fi ọwọ́ náà sílẹ̀ títí a fi dé ilé ìwòsàn.

Onízẹmijàn náà yè, ó ń tiro. Ọwọ́ mi jiná, àwọn ìka rẹ̀ ni kò nà tán mọ́. Dókítà yẹ ọkọ mi kékeré wò, ó ní ìlù etí òsì ti ya, ìgbájú ló ya á, kò sì ní gbọ́ràn mọ́.

Ó ti ra ọkọ̀ mìíràn báyìí, ọkọ̀ jẹ́jẹ́, sọ́ńdì rẹ̀ wà láyè rẹ̀. Bó bá fẹ́ gbọ́ ẹ́ńjìnnì, ó máa ń bẹ̀rẹ̀, yóò sì yí etí ọ̀tún sí i. Bí wọ́n bá bi í ohun tó ṣe etí kejì, á ní ariwo páìpù èéfín ọjọ́ọjọ́sí ló bà á jẹ́. Ohun tó sọ fún ọkọ mi, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, nìyẹn nídìí oúnjẹ, èmi sì dúró níbẹ̀ tí mò ń bu ọbẹ̀. Gbogbo àdúgbò ló rí ọwọ́ mi lọ́jọ́ náà, kò sì sẹ́ni tó já a nírọ́ rí.

Láàárọ̀, bí mo bá fẹ́ kúnlẹ̀ kí i, apá ọ̀tún ni mo máa ń gbà, kó lè gbọ́.