Tíṣà Átọ́ọ̀mù àti Omi Kànga

Ọjọ́ tí Tíṣà Átọ́ọ̀mù ki bébà bọ inú tíì ọ̀gá rẹ̀ ni gbogbo wa mọ irú ènìyàn tó jẹ́. Ìpàdé olùkọ́ ni wọ́n ń ṣe. Obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá àgbà ilé-ìwé ń bá àwọn tó máa ń pẹ́ dé wí, ni olùkọ́ kẹ́mísìrì wa bá nawọ́, ó ti bébà aláwọ̀ aró bọ inú ife rẹ̀. Bébà di pupa. Ó gbé e sókè, ó ní kí gbogbo ilé wò ó, ásíìdì ni ọ̀gá ń mu. Ọ̀gá ní ọsàn wẹ́wẹ́ lòun fún sí i. Tíṣà ní òun ò béèrè ohun tó fún sí i, èsì lòun ń kà. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, wọ́n ti gbé tábìlì rẹ̀ lọ sí yàrá tó kángun sí ilé ìyàgbẹ́.

Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ ire o, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà pọ̀ ju ìmọ̀ rẹ̀ lọ, ìmọ̀ rẹ̀ kò sì kéré. Kò lè sọ ohunkóhun láìbẹ̀rẹ̀ láti orí átọ́ọ̀mù, ohun bíńtín tó ní ara rẹ̀ ni gbogbo nǹkan ti wá. Bí ìyàwó rẹ̀ bá bi í bóyá ó ti pa sítóòfù, átọ́ọ̀mù. Bí ọmọ bá ní inú ń run òun, átọ́ọ̀mù. Ìyàwó a ní ọkọ lòun fẹ́, òun ò forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò.

Ẹ̀rín dáwọ́ dúró lọ́jọ́ tí bébà rẹ̀ di pupa nínú omi kànga àdúgbò. Oníbátìrì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga náà, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ló máa ń da ásíìdì inú bátìrì mọ́tò àtijọ́ sí. Tíṣà mọ̀ pé òjé ń bá a rìn, òjé a sì máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ọmọbìnrin oníbátìrì fúnra rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́ta, ti ń bì, kò sì jẹun dáadáa mọ́.

Ẹlòmíràn ì bá pariwo. Tíṣà wa gbé pátákó ìkọ̀wé léjìká, ó ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn. Á ya róbótó kan, á ní átọ́ọ̀mù rèé. Kó tó dé orí ọ̀rọ̀ kànga, baba ilé ti ń hanrun, ìyá ilé ti bu omi kànga náà wá fún àlejò. Tíṣà á dúpẹ́, kò ní mu ún, kò sì ní sọ ìdí, nítorí ẹ̀kọ́ ò tíì dé ibẹ̀.

Oníbátìrì ní ìlara iṣẹ́ òun ló ń ṣe é, ó lé e jáde. Lọ́jọ́ kejì, Tíṣà tún dé pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì.

‘Bàbá wọn,’ ìyàwó rẹ̀ ní, ‘ẹ sọ gbólóhùn kan péré fún wọn.’

Ó ní gbólóhùn tí kò ní ẹ̀rí, àhesọ ni.

‘Ẹ máa kọ́ wọn lọ nígbà náà, kí wọ́n máa sin ọmọ.’

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ìyàwó so ìró mọ́dìí, ó lọ bá àwọn tó ń fa omi, ó sì ta korobá àkọ́kọ́ nípàá.

‘Májèlé wà nínú omi yìí. Òun ló ń pa ọmọ oníbátìrì.’

Kí oòrùn tó kan àtàrí, wọ́n ti kan ìdérí kànga pa. Ìyàwó oníbátìrì gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n bá òjé nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ títí ara rẹ̀ fi yá. Tíṣà bínú fún ọjọ́ méjì gbáko. Ó ní ìyàwó òun ò tilẹ̀ dárúkọ átọ́ọ̀mù.

Nígbà tí Tíṣà kú, àwàdà la kó lọ síbi òkú rẹ̀, a sì ń rẹ́rìn-ín. Oníbátìrì nìkan ló dá jókòó sí igun kan, tó ń sunkún. Ẹnì kan bi í pé ṣebí òun ló máa ń lé olóògbé jáde.

‘Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo lé e,’ ló wí. ‘N kò mọ ohun kan nínú gbogbo àlàyé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀meje ló wá, nítorí ọmọ tèmi.’

Ìgbà yẹn ni àárò Tíṣà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ wá.