Ẹni Tó Dúró Kọ́ Ni Ọkọ

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe. Bí télọ̀ bá gbé ẹ̀rọ tó ń já òwú wá, kì í kọ́kọ́ tú u. Á gbé etí lé e, á fọwọ́ yí i díẹ̀díẹ̀, á sì sọ ohun tó ń ṣe é kí ẹni tó gbé e wá tó jókòó. Àǹtí Ẹ̀rọ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Èmi àbúrò rẹ̀ tí mò ń bá a rọ epo sí i mọ̀ pé orí kunkun ló fi kọ́ iṣẹ́ náà, torí ọ̀gá rẹ̀ ti sọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé iṣẹ́ ọkùnrin ni.

Orí kunkun náà ló fi fẹ́ ọkọ. Ọkọ ti wà lókè òkun nígbà tí ọjọ́ ìgbéyàwó pé, ibi iṣẹ́ ò sì fún un láyè láti wálé. Ló bá kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì ìgbéyàwó pé kí àbúrò òun dúró fún òun. Òfin wa gbà bẹ́ẹ̀. Bíríkìlà ni àbúrò yìí, ẹni tí inú rẹ̀ máa ń dùn ju ti ẹni tó ni ọjọ́ lọ. Nígbà tí akọ̀wé ní kí ọkọ fọwọ́ síwèé, ó gba bírò, ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ gàdàgbà síbi tó yẹ kó kọ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Wọ́n rán an níṣẹ́ ẹrú, ó fi tọmọ jẹ́ ẹ, ó wá ku díẹ̀ kó gba ìyàwó mọ́ ọn. Kò sẹ́ni tó wo ìwé náà. Àtẹ́wọ́ là ń pa.

Ọdún kẹta la tó mọ̀, nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi lọ tọrọ físà láti lọ bá ọkọ rẹ̀. Obìnrin ẹ̀yìn gíláàsì wo fọ́tò ìgbéyàwó, níbi tí bíríkìlà ti dúró tì í, ó wo ìwé, ó ní ẹni tí ìwé pè ní ọkọ rẹ̀ kọ́ ló fẹ́ lọ bá. Wọn ò fún un.

Ni ìmọ̀ràn bá kún ilé. Bàbá kan tó ń báni ṣètò físà ní kó fi ìwé yẹn pa mọ́, kó sọ pé òun ò ṣègbéyàwó rí, kí wọ́n ṣe òmíràn bí ọkọ bá wálé. Ìyá ọkọ gbà. Èyí tó dùn mí jù ni pé ọkọ fúnra rẹ̀ gbà. Ó pè, ó ní ìwé lásán ni.

"Ìwé lásán kẹ̀?" ẹ̀gbọ́n mi ní. "Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń jẹ́ ìyàwó yín. Tí a bá ní a ò ṣègbéyàwó rí, ìyàwó ta ni mo wá jẹ́? Tí ẹ bá fẹ́ ká ṣe òmíràn, ẹ wá tọrọ mi tuntun. Mo sì lè ní mi ò fẹ́."

Ó lọ sí ọ́fíìsì ìgbéyàwó. Akọ̀wé ní kó pa dà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó pa dà, wọ́n ní ọ̀gá ò sí. Ló bá gbé ẹ̀rọ oníbàárà lọ síbẹ̀, ó tú u palẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì wọn, ó ń tún un ṣe. Ọjọ́ mẹ́rin ló ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ karùn-ún, ọ̀gá ní kí wọ́n wá fáìlì obìnrin yìí kí epo tó ba bẹ́ǹṣì òun jẹ́. Lẹ́tà ọkọ wà nínú rẹ̀, wọ́n ti kọ ọ́ ní ọjọ́ mọ́kànlá ṣáájú ìgbéyàwó. Bíríkìlà wá búra pé ẹ̀gbọ́n òun lòun dúró fún, pé òun ló ṣì í kọ. Wọ́n tún ìwé ṣe, wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i.

Àwọn ará ilé ní kó má mú fọ́tò ìgbéyàwó yẹn lọ síbi físà mọ́. Ó mú un lọ. Obìnrin ẹ̀yìn gíláàsì bi í léèrè ìdí tí wọn ò fi kúkú ṣe ìgbéyàwó tuntun.

"Èyí tí mo ṣe ni mo mú wá," ó ní.

Ó lé lóṣù méjì kí lẹ́tà tó dé. Èmi ni mo kà á, torí epo kún ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n ní ìgbéyàwó náà bófin mu níbi tí wọ́n ti ṣe é, nítorí náà àwọn gbà á, kó máa bọ̀. Mo bú sẹ́kún. Òun nu ọwọ́, ó pe ọkọ rẹ̀.

"Wọ́n ti gbà pé ìyàwó yín ni mí," ó ní. "Ẹ̀yin ńkọ́?"

Ọkọ bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní ẹ̀bẹ̀ kọ́ lòun béèrè.