Oògùn Buráùn Tí Mo Tì Mọ́ Àpótí

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó sórí bẹ́ǹṣì iléewòsàn yìí, ẹ gbójú kúrò lára fóònù yín, ẹ gbọ́ mi. Ìwọ tó o gbọ́mọ pọ̀n, dẹtí síbí. Bí wọ́n bá pè yín wọlé kí n tó sọ ọ́ tán, kí wọ́n dúró díẹ̀. Àwa náà ti dúró dè wọ́n rí.

Ọmọ ọmọ mi kú lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó kọjá, lọ́sàn-án. Ọmọbìnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ọkọ̀ ò gbá a, kò sí ohun tó já lù ú. Èémí ló wá tì. Afẹ́fẹ́ tí ewúrẹ́ ń mí, tí aláǹgbá ara ògiri ń mí, òun ló wọ́n ọmọ tèmi.

Lọ́yà là ń pè é. Ẹ ò lè ní kó lọ fọ abọ́ kó má pè yín lẹ́jọ́. "Màmá àgbà, ṣé èmi nìkan ni mo jẹun níbẹ̀?" Tó bá rojọ́ dé ìdajì, èémí á já mọ́ ọn lẹ́nu, á gbọ́wọ́ sókè bí ẹni tó ń dá adájọ́ dúró, á mí, á tún mí, á wá ní, "Mi ò tíì parí o." Ẹ̀rín á pa wá. Ọmọ ń wá èémí, à ń rẹ́rìn-ín.

Àsímà ni wọ́n pè é, látọmọ ọdún mẹ́ta. Ibí yìí náà ni mò ń gbé e wá. Ìyá ẹ̀ ń ránṣọ ní iléeṣẹ́ tó jẹ́ pé bó o bá fi wákàtí kan pẹ́ dé, wọ́n á ní kó o máa padà sílé, èmi ló wá kù tó ń gbọ́mọ kiri. Tá a bá dé, wọ́n á fi ike bò ó nímú, ẹ̀rọ á máa hó, ara á rọ̀ ọ́, wọ́n á ní ká máa lọ. Ó di ìgbà mìíràn. Ṣé bí wọ́n ṣe ń wo àìsàn tó ń gbé inú ọmọ nìyẹn, àbí bí wọ́n ṣe ń lé adìyẹ kúrò nídìí àgbàdo? Bẹ́ ẹ bá lé e, ṣebí ó tún ń bọ̀.

Lọ́dún tó kọjá, láti ojú fèrèsé yẹn, nọ́ọ̀sì na oògùn méjì tí wọ́n ń fín sẹ́nu sí mi, ọ̀kan búlúù, ọ̀kan buráùn. Kò tiẹ̀ gbójú sókè. "Màmá, ẹ máa lò ó fún un. Bẹ́ ẹ ṣe máa lò ó wà lára ẹ̀. Ẹni tó kàn."

Ó wà lára ẹ̀ fún ta ni? Fún èmi tí mi ò mọ ìwé tí wọ́n dorí ẹ̀ kodò? Ìyá ọmọ bi mí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo ní nọ́ọ̀sì ti ṣàlàyé fún mi. Ojú ló tì mí.

Mo wá fi ọgbọ́n àgbà ṣe é. Mo fín búlúù, ọmọ mí. Mo ní, hẹn, oògùn rèé. Mo fín buráùn, mi ò rí ohun tó ṣe. Mo ní èyí á jẹ́ àgbà oògùn, tọjọ́ tí nǹkan bá le. Ta ló ń fọmọ tó ń sáré kiri lóògùn? Ta ló ń da omi sí iná tí ò tíì ràn? Mo fi ọ̀rá wé e, mo tì í mọ́ inú àpótí, mo so kọ́kọ́rọ́ mọ́ra.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè yẹn, ó ti iléèwé dé, àyà ẹ̀ ń súfèé. Mo fín búlúù. Ó ń ṣe ṣíìì, àṣé òfìfo ni, kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ó lè tán kó sì máa dún. Mo sáré ṣí àpótí. Mo fín àgbà oògùn lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ọmọ gbọ́wọ́ sókè bó ṣe máa ń ṣe. A dúró dè é kó parí ọ̀rọ̀ ẹ̀.

Ní ọsibítù ńlá tá a gbé e lọ, tó ti pẹ́ jù, dókítà kan tí irùngbọ̀n ẹ̀ ò tíì kún gbé buráùn, ó mì í, ó wò ó. "Màmá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún síbẹ̀. Eléyìí ni kì í jẹ́ kí àsímà bẹ̀rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lò ó, bọ́mọ tiẹ̀ ń jó. Ṣé wọn ò sọ fún yín ni?"

Láti ọjọ́ yẹn ni mi ò ti sùn.

Mo gba tèmi. Ọwọ́ mi ló ti àpótí. Ta ni yóò gba tiẹ̀ ṣìkejì mi? Nọ́ọ̀sì yìí, òun nìkan fún àdúgbò mẹ́rin, ó ń gúnni lábẹ́rẹ́, ó ń gbẹ̀bí, ó ń gbálẹ̀, mi ò ní bú u tán. Àwọn ọ̀gá tó fi í síbẹ̀ lòun nìkan ńkọ́? Ṣebí wọ́n wá lóṣù tó kọjá, wọ́n kun ògiri, wọ́n ya ìyá àti ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín sí i. Wọ́n rí ọ̀dà fún ògiri, wọn ò rí ẹnu fún ìyá ọlọ́mọ. Nínú ìwé wọn, wọ́n kọ ọ́ pé wọ́n ti fún ọmọ náà lóògùn. Òótọ́ ni. Wọ́n fún un.

Ìwọ tọ́mọ ẹ ń mí bí ológbò yẹn, mú tìẹ jáde. Buráùn, àbí? Páálí ẹ̀ ò tíì já. Ìgbà wo lò ń lò ó?

"Màmá, mò ń tọ́jú ẹ̀ dọjọ́ tó bá le ni."

Ẹ gbọ́ o. Ẹ gbọ́ ohun tó sọ. Ó ti pé ọjọ́ mélòó tá a sin Lọ́yà, ẹnì kan ò wá—

"Ẹni tó kàn. Ta ló ń ṣèpàdé lẹ́nu ọ̀nà mi?"

Èmi ni, nọ́ọ̀sì. Ìyá yìí ló kàn, mo sì ń bá a wọlé. Wàá fi oògùn yẹn sí i lọ́wọ́, wàá ní kó fín in fọ́mọ lójú ẹ, wàá sọ ti òwúrọ̀, wàá sọ ti alẹ́, wàá sọ bó ṣe máa mọ̀ tó bá tán. Lẹ́yìn náà, wàá pe àwọn ọ̀gá ẹ, kí wọ́n wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì yìí, kí wọ́n sọ ẹni tí iṣẹ́ ẹ̀ jẹ́ láti bá mi sọ̀rọ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ìta. Àwọn ọmọ tó wà nílẹ̀ ti pọ̀ jù."

Wọ́n pọ̀ lóòótọ́, ọmọ mi. Wọ́n ti fi ẹyọ kan dín.