Bàbá Apọnmọ Àti Ikùn Ẹṣin Òkun

Bàbá Apọnmọ ni wọ́n ń pè é títí ó fi kú. Ìyàwó rẹ̀ kú lórí ìkúnlẹ̀. Ó gbọ́mọ pọ̀n, ó ń bá iṣẹ́ lọ, nílé táwọn èèyàn ti ń wòran ẹja nínú àpótí gíláàsì. Omi iyọ̀ ti bó o lọ́wọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, akọ ẹṣin òkun, ẹja kékeré tórí rẹ̀ dà bíi ti ẹṣin, léfòó. Abo rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni. Tẹ́lẹ̀, bílẹ̀ bá ti mọ́, àwọn méjèèjì á pàdé nídìí koríko omi, wọ́n á lọ́ ìrù mọ́ra, wọ́n á pàwọ̀ dà, wọ́n á máa jó. Akọ yìí ò yéé lọ síbẹ̀ láràárọ̀. Lọ́jọ́ yìí, ìrù rẹ̀ ò di koríko mú mọ́. Ikùn rẹ̀ wú bámú.

Akọ ló ń gbé oyún nínú tiwọn. Abo á da ẹyin sínú àpò ikùn ọkọ, ó parí. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ náà máa ń kó sínú àpò yẹn, ó sì ń pa wọ́n. Tó bá jẹ́ afẹ́fẹ́, èèyàn á tẹ̀ ẹ́ jáde. Tó bá jẹ́ ọmọ, títẹ̀ yẹn ló máa pa wọ́n. Iwájú ò ṣeé lọ, ẹ̀yìn ò ṣeé padà sí.

"Tẹ̀ ẹ́ jàre," ni Àǹtí tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì wí. "Ẹja tó bá ti léfòó, òkú ọ̀la ni."

"Tó bá lóyún ńkọ́?"

"Haa! Ṣé kí n wá ọ̀já, kó o pọn òun náà?"

Bàbá Apọnmọ ò rẹ́rìn-ín. Ọmọ ń ké lẹ́yìn rẹ̀. Ó ki ọwọ́ bọ omi, ó gbá ẹja náà mú. Àtàǹpàkò rẹ̀ wà lórí ikùn.

"Àǹtí, nígbà tíyàwó mi ń rọbí, wọ́n ní kí n sún sẹ́yìn, pé àwọn mọ̀ ọ́n ṣe. Mo sún."

Àǹtí sún mọ́ àpótí náà.

Nǹkan sọ lábẹ́ ìka rẹ̀, bí ọlẹ̀ ṣe ń sọ. Afẹ́fẹ́ kì í sọ.

"Ẹ pa ẹ̀rọ! Á fa àwọn ọmọ mì!"

Àǹtí sáré pa ẹ̀rọ tó ń fa omi inú àpótí yí po. Ẹja náà ká kò, ẹnu àpò rẹ̀ là. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ kọ́kọ́ jáde, pọ́ọ̀. Lẹ́yìn náà ni ọmọ tú jáde bí èéfín, wíníwíní, gbogbo wọn dúró ṣánṣán, ìrù ọ̀kan ń wá ìrù èkejì. Baba wọn rì wálẹ̀, ó lọ́ ìrù mọ́ koríko. Kò wojú wọn. Bí tiwọn ṣe rí nìyẹn.

Bí ẹ̀rọ ṣe kú, ọwọ́ ló kù tí yóò máa rú omi kí wọ́n lè mí.

"Gbé tìẹ wá," ni Àǹtí wí. Ó tú ọ̀já lẹ́yìn ọkùnrin náà, òun fúnra rẹ̀ gbọ́mọ pọ̀n.

Bàbá Apọnmọ ò bojú wẹ̀yìn. Ó ń rú omi, jẹ́jẹ́.